Àsálà Kì í Ṣe Òmìnira: Fíìmù *Chicken Run* lójú Ìtàn Èkìtìparapọ̀

Bí a bá mẹ́nu ba fíìmù ọmọdé tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, àlọ́ ìjàpá ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti ka *Chicken Run*, tí Peter Lord àti Nick Park darí fún ilé-iṣẹ́ Aardman ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000, sí àlọ́ ìjàpá tí a gbé wọ aṣọ òyìnbó. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìfiwéra náà kò gún régé. Ìtàn òmìnira àwùjọ ni fíìmù yìí, ìtàn Èkìtìparapọ̀ sì ni ó sún mọ́ ọn jù.

Ọmọlangidi ni àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń sún wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ya ìsúnsí kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, títí tí àwòrán yóò fi máa rìn lójú wa. Oko adìẹ kan ní Yorkshire, láàárín ọdún 1950 sí 1959, ni ibùdó ìtàn. Wọ́n ń ka ẹyin àgbébọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yé, pípa ni. Báyìí ni Edwina ṣe kú. Nígbà tí èrè ẹyin kò tó Ìyáàfin Tweedy mọ́, ó ra ẹ̀rọ tí yóò máa sọ adìẹ di páì. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òógùn yẹn ni fíìmù yìí fi hàn wá.

Nínú àlọ́, ọgbọ́n Ìjàpá kì í sábà kọjá ikùn ara rẹ̀. Bí ewu bá dé, tirẹ̀ nìkan ni yóò yọ. Ginger kò rí bẹ́ẹ̀. Òun nìkan lè jáde kúrò nínú ọgbà nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí ó ń mú kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léraléra ni pé kò fẹ́ fi ẹnì kankan sílẹ̀. Níbi yìí ni fíìmù náà ti la ààlà: ẹni tí ó dá sá lọ rí àsálà, òmìnira kò tíì dé títí ọgbà yóò fi ṣófo.

Rocky, àkùkọ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, dà bí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní fífò. Àṣé inú ìbọn àgbá ni wọ́n ti ń yìn ín sókè ní ibi eré! Lẹ́yìn tí àṣírí náà tú, Ginger àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Mac fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ìṣirò, àwọn eku kó irinṣẹ́ wá, Fowler tí kò wa ọkọ̀ òfurufú rí jókòó sídìí ọkọ̀, gbogbo wọn sì jọ ń fi ẹsẹ̀ wà á.

Ọmọ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò lè wo èyí kí ó má rántí ilé. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkèmẹsí, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n idà ẹnì kan kò lè ṣẹ́gun Ìbàdàn. Àwọn ìlú ní láti parapọ̀, Ògèdèǹgbé wá láti Iléṣà láti ṣe olórí ogun, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó sì fi ìbọn ránṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn gan-an, Èkìtìparapọ̀, ni ohun tí Ginger ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àléébù fíìmù náà wà ní ìparí rẹ̀. Àwọn adìẹ dé erékùṣù tí kò sí olóko kankan, ìtàn sì tán. Tiwa kò tán bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá wa ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Bí ajẹ́lẹ̀ ṣe ń kógbá wọlé ni òyìnbó ń wọlé. Fíìmù kejì, tí Sam Fell darí ní 2023, dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yìí: Ginger kò sọ ìtàn oko fún Molly ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì sá kúrò ní erékùṣù, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ oko mìíràn. Òmìnira tí a kò fi ìtàn rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ kò lè pẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ fíìmù yìí sí Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ohùn Ìjàpá sí Ginger lẹ́nu. Ọmọdé ní Aramọkọ tàbí Ìjerò mọ adìẹ tí ń jẹ̀ kiri lójúmọmọ, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Yóò béèrè pé kí ni wọ́n ń sá fún. Kí ìtumọ̀ wa lè dá a lóhùn pé kì í ṣe ọgbà nìkan. Ẹyin tí a ń kà mọ́ wọn lọ́rùn ni.