Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Yóò Wọ̀

Ewúrẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni dá àkókò ìbímọ. Ní Àrámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ní Ìjerò àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni òmíràn ti ń rọbí, lóru, nígbà tí ọkọ̀ ti dá lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá ti pẹ́ jù lójú ara, ó lè jábọ́ sílẹ̀ kó rọ jọwọlọ, kí àyà rẹ̀ ṣì máa lù, síbẹ̀ kó má mí. Ẹni tó ni ín á nu ikun kúrò nímú rẹ̀, á fi aṣọ gbígbẹ ra á lára, á dorí rẹ̀ kodò díẹ̀ kí omi tó wà lọ́nà ọ̀fun lè dà jáde. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe náà nìyẹn. Bí kò bá tíì mí lẹ́yìn èyí, ojú ibì kan wà tí dókítà ẹran tó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà yóò wá lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ kò fara sin. Láàárín ihò imú méjèèjì, níbi tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ètè òkè, ní ọ̀gangan ìsàlẹ̀ ihò imú, ibẹ̀ ló wà. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní Ren Zhong. Nínú àwòrán tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, GV 26 ni wọ́n kọ sí i. Abẹ́rẹ́ síríǹjì tó mọ́, tó sì tín-ín-rín, ti tó láti fi ṣe é. Dókítà á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di ètè náà mú kó má baà yẹ̀, á ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lóòró títí yóò fi kan eegun, á wá máa tì í wọlé, á máa fà á padà díẹ̀díẹ̀, á máa yí i, láìjẹ́ kó jáde. Bó bá jẹ́, ẹran náà á ṣàdédé fa èémí kan, á sín, ẹsẹ̀ iwájú á nà gbọọrọ. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dẹ̀ nígbà yẹn, nítorí èémí kan ṣoṣo lè máà ní ìkejì.

Ẹni tó ń kọ èyí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé idán ni. Ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára ńlá tó ń bá ojú àti imú ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ta á jí, ìròyìn á dé ìdí ọpọlọ tó ń darí mímí. Ní ọdún 1979, àwọn dókítà ẹran mẹ́ta, Janssens, Altman àti Rogers, kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn Veterinary Record, lórí àwọn ẹran ọ̀sìn kékeré tí èémí wọn ń tán lọ lábẹ́ oògùn oorun. Ẹran 69 ni wọ́n gún lójú ibẹ̀ nítorí èémí, gbogbo wọn ló sì padà mí dáadáa. Lára àwọn díẹ̀ tí ọkàn wọn náà ti dúró, àwọn tó yè kò tó ìdajì. Ìròyìn ẹnu iṣẹ́ ni, wọn kò fi ẹran tí wọn kò gún ṣe àfiwé. Síbẹ̀, ta ni yóò ní abẹ́rẹ́ lápò tí yóò jókòó ti ọmọ ewúrẹ́ tí kò mí?

Ohun tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí, lójú òǹkọ̀wé yìí, ni wíwá ojú ibi tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀. Àwòrán ara ẹran wà nínú ìwé, àmì àti nọ́ńbà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó dúró níwájú ẹni kò ní àmì kankan lára. Irun ló wà níbẹ̀, àti eérú ìdáná, àti ara tó ń gbọ̀n nítorí ìbẹ̀rù. Ìka ló kù kó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n ń pè ní Bai Hui, tí wọ́n ń lò fún ẹran tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Dókítà á fọwọ́ wá eegun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì, á wá fi ìka ìlábẹ̀ tọ ọ̀pá ẹ̀yìn bọ̀ láàárín méjèèjì. Ṣóńṣó eegun, kòtò kékeré. Ṣóńṣó eegun, kòtò kékeré. Nígbà tó bá dé ibi tí eegun ẹ̀yìn ti parí tí eegun ìdí ti bẹ̀rẹ̀, ìka á rì sínú kòtò tó jìn ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. Ibẹ̀ ni. Lára èyí tó sanra, ọ̀rá á bò ó, ìka á ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an. Lára èyí tó rù, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i.

Kò sí rúlà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ajá ọdẹ àti màlúù kì í ṣe ẹgbẹ́. Ara ẹran náà ni wọ́n fi ń wọn ara rẹ̀: ìbú egungun ìhà rẹ̀, tàbí ìdá mélòó kan láti oríkèé kan dé èkejì.

Ti ẹsẹ̀ ṣòro díẹ̀. Zu San Li wà lápá òde ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ orúnkún, nínú ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun. Ẹran tí kò jẹun, tí ikùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ni wọ́n ń lò ó fún. Ìka á gba orí eegun ojúgun sọ̀ kalẹ̀, á yẹ̀ sápá òde, á bá ibi tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wo ló fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀? “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di ìwo rẹ̀ mú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jókòó.” Nítorí èyí ni àwọn dókítà kan ṣe ń fa fítámì B12 díẹ̀ sínú síríǹjì, tí wọ́n á gún un sójú ibẹ̀, kí omi oògùn náà lè máa tẹ ibẹ̀ nìṣó lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti jáde. Ọgbọ́n yìí ló bá ẹran abúlé mu jù.

Ẹṣin ló gba iwájú nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà. Ní 1608, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Yu Benyuan àti Yu Benheng, ṣe ìwé ìtọ́jú ẹṣin, Yuan Heng Liao Ma Ji, tí òkìkí rẹ̀ ò tíì kú. Ajá kò rí irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ojú ibi tí wọ́n ń lò lára rẹ̀ lónìí, ara ènìyàn ni wọ́n ti ṣí i lọ síbẹ̀. Lára ẹṣin pàápàá, wọ́n ya ilà kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà àpò òróòro sí àwòrán, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kò ní àpò òróòro. Ibi tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti ṣọ́ra nìyí. Èyí tí ìka bá kòtò rẹ̀, tí èèyàn mọ iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ju ilà orí ìwé lọ.

Àwọn onímọ̀ náà kò tíì fẹnu kò lórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ní 2006, Habacher, Pittler àti Ernst kó ìdánwò tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti fọwọ́ sí i, kò sì tó láti kọ̀ ọ́. Ọdún kejì rẹ̀, Hayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil gbé iṣẹ́ jáde lórí ajá 50 tí oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bàjẹ́: àwọn tí wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ sí abẹ́rẹ́ wọn, mọ́ oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tètè rìn ju àwọn tó gba oògùn nìkan lọ. Òǹkọ̀wé yìí fara mọ́ àwọn méjèèjì. Ó ń lo abẹ́rẹ́ fún ẹsẹ̀ tó ń wọ́, kò sì jẹ́ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹran yóò sáré lọ́la.

Ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n àti lọ́nà Ìkógòsì, níbi tí ọdẹ ti ń mú ajá lọ sígbó, ìkìlọ̀ kan ju abẹ́rẹ́ lọ. Ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé kú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, lè jẹ́ ajá tí àrùn dìgbòlugi ti mú. Kí dókítà tó wá Bai Hui, ó gbọ́dọ̀ bèèrè ìgbà tí ajá náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gbẹ̀yìn, bóyá ajá mìíràn bù ú jẹ, àti ẹni tí òun náà ti bù jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrùn PPR, tí imú ewúrẹ́ á máa ṣomi, tí ẹnu rẹ̀ á hó, tí á máa yàgbẹ́ gbuuru, tí agbo á sì tú. Kò sí ojú ibi kankan lára ewúrẹ́ tó ń wo ìyẹn sàn. Ní 1975, lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára, Nigeria 75/1, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò báyìí. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, lábẹ́ awọ, ó sì ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta, bí yìnyín kò bá yọ́ tán nínú kúlà kó tó dé abúlé. Òun ni dókítà ń kọ́kọ́ bèèrè bó bá wọ agboolé; bí ẹran kò bá tíì gbà á, òun ló ń gún kó tó mú abẹ́rẹ́ Ṣáínà jáde.