Irẹ́ àti Akọ Irẹ́: Àyẹ̀wò Àpèjúwe Ewéko nínú Àwọn Ìwé Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọwọ́ tí àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí ewéko ilẹ̀ Yorùbá fi ń mú àpèjúwe. Orúkọ kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé wọn. Àpèjúwe ni ó ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn C.M.S. tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1913 yóò rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ igi púpọ̀, gbogbo ohun tí a rí kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé irú igi kan ni. Ṣùgbọ́n ìrókò, irú igi kan ni. Arère, irú igi kan ni. Òganwó náà, irú igi kan ni. Ìtumọ̀ tí ó bá gbogbo igi mu kò tíì túmọ̀ ìkankan. R. C. Abraham gbìyànjú gidigidi láti tún èyí ṣe nínú ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ ní 1958, nítorí pé ó fi orúkọ Látìn kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ewéko. Síbẹ̀, orúkọ ni orúkọ Látìn náà. Ẹni tí kò mọ igi náà tẹ́lẹ̀ kò lè tipa orúkọ méjì mọ̀ ọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àríwísí lásán, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn irẹ́, nítorí pé ẹ̀bá ilé wa níhìn-ín ni ó ti wáyé. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ Gómìnà, ìjọba Èkó dá ọgbà ewéko kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, tí kò jìnnà rárá sí Ìjọra níbi tí a ti ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọdún kan náà ni ìwé Moloney lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ju ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí tí òwò rọ́bà fi gba gbogbo ìgbèríko kan: ní 1895, rọ́bà tí ó gba Èkó lọ sí òkè òkun ju 5,000,000 pọ́n-ùn lọ lórí ìwọ̀n. Igi irẹ́ ni wọ́n ń kọ lára gba oje rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ ní ìkọkúkọ débi pé àìmọye igi kú dúró, tí òwò náà sì rẹ̀yìn kíákíá.

Ìbéèrè wa ni pé: igi wo ni irẹ́ yìí lójú àwọn onímọ̀ ewéko nígbà náà? Ní 1895, ọgbà Kew ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pe igi rọ́bà Èkó ní Kickxia africana, orúkọ tí George Bentham ti fún igi kan láti 1849. Ní 1899 ni Paul Preuss, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣe àbójútó ọgbà ewéko ní Victoria ní Kamẹrúùnù, fi hàn pé igi méjì ni wọ́n ti so pọ̀ mọ́ orúkọ kan. Igi tí Bentham sọ lórúkọ kò mú rọ́bà gidi jáde. Èyí tí ó ń mú un jáde kò tíì ní orúkọ kankan nínú ìwé wọn, Preuss sì pè é ní Kickxia elastica. Kò pẹ́ tí Otto Stapf ní Kew tún yọ àwọn méjèèjì kúrò lára Kickxia, tí í ṣe ìran igi ilẹ̀ Ṣáínà Gúúsù àti erékùṣù Jáfà, tí ó sì dá ìran tuntun sílẹ̀ fún wọn: Funtumia. Láti inú orúkọ tí àwọn Akan ń pe igi náà ni a ti mú Funtumia. Orúkọ Yorùbá kò kọjá ẹnu àwọn oníṣòwò tí ó ń pe ọjà náà ní rọ́bà irẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, Yorùbá ní irẹ́, wọ́n sì ní akọ irẹ́. Funtumia elastica ni irẹ́. Funtumia africana ni akọ irẹ́. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó ń gba oje. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì yí oje irẹ́, yóò dì, yóò sì di bọ́ọ̀lù kékeré tí ó ń nà tí ó sì ń sún kì. Ti akọ irẹ́ yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè ni. Èso irẹ́ kúnjú lórí, ti akọ irẹ́ ṣe ṣóńṣó. Lábẹ́ ewé irẹ́, ní ìkòríta tí iṣan kéékèèké ti yà kúrò lára iṣan àárín, a máa ń rí ihò wínníwínní. Irú àwọn gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń kọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ. Kì í ṣe pé ẹ̀yà náà jẹ́ tuntun nínú igbó. Àkọsílẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ tuntun.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ wa fẹ́ràn láti dúró níbí yìí, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n ṣáájú òyìnbó. Ní èrò tiwa, ìpàtẹ́wọ́ náà ti yá jù. Àwọn mìíràn ń pe Holarrhena floribunda náà ní akọ irẹ́, bẹ́ẹ̀ ìran mìíràn pátápátá ni igi yẹn. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ tí 'akọ' ń ṣe nínú orúkọ yìí ni láti sọ pé, 'ó jọ irẹ́, ṣùgbọ́n má fi àkókò rẹ ṣòfò lórí rẹ̀.' Ẹ fi wé akọ ìbẹ́pẹ. Akọ ni akọ ìbẹ́pẹ lóòótọ́: òdòdó rẹ̀ ń fì dirodiro lórí ọ̀pá gígùn, kì í sì í so bí abo ti ń so. Àmọ́ akọ irẹ́ ń so tirẹ̀, ó sì ń fọ́n irúgbìn oníwùúwú sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà 'akọ' méjì ni ó wà nínú orúkọ ewéko Yorùbá, a kò sì rí ìwé gírámà kan tí ó dá wọn sí méjì fún akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ nìyẹn fún àwa olùkọ́ èdè, kì í ṣe fún onímọ̀ ewéko.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀, ibo ni wọ́n dúró sí? Ìwé J. M. Dalziel ti 1937 kún gan-an lórí ìlò, nítorí pé ó máa ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ewéko ṣe, ó sì máa ń gbìyànjú láti túmọ̀ orúkọ. Ìwé Z. O. Gbile, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1984, wúlò gan-an lórí tábìlì olùkọ́, ṣùgbọ́n orúkọ sí orúkọ ni. Pierre Verger gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn ní 1967, àti nínú Ewé tí ó jáde ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1995 pẹ̀lú oògùn 447, ó tọpa bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ ṣe ń bá ìró orúkọ ewé lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àléébù ibẹ̀ ni pé nínú ọfọ̀, orúkọ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìrísí ewé kì í ṣe ohun tí ọfọ̀ bìkítà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka oògùn mẹ́wàá tán kí ó má lè fa ewé kan ṣoṣo yọ nínú igbó.

Ọ̀rọ̀ olú tún le ju ti igi lọ. B. A. Oso kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Mycologia ní 1975 lórí olú àti àwọn Yorùbá. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i bí ìmọ̀ wa ti jinlẹ̀ tó lórí olú tí a ń jẹ, pàápàá àwọn tí ó ń hù lórí ilé ikán, tí Roger Heim dá ìran Termitomyces sílẹ̀ fún ní 1942. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń jẹ, tí a fi ń ṣe oògùn, tàbí tí a ń bẹ̀rù, ni a máa ń sọ lórúkọ. Ní 2008, N. S. Yorou àti R. Agerer ṣàpèjúwe Tomentella africana láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èèpá pẹlẹbẹ lásán ni irú olú bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi jíjẹrà ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ta ni yóò wá a lọ síbẹ̀ láti fún un lórúkọ? Àwọn onímọ̀ ní Kew fojú bù ú ní 2023 pé ẹ̀yà olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ láyé yóò tó 2,500,000. Èyí tí a ti sọ lórúkọ kò ju nǹkan bí 155,000 lọ.

Bákan náà ni ti àwọn òkè òkúta ẹfun ní ẹkùn Guangxi ní Ṣáínà. Omi òjò ti jẹ òkúta náà di ihò àti gegele, òkè kọ̀ọ̀kan sì dá dúró bí erékùṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko kan lè wà lẹ́nu ihò kan kí ó má sí ní òkejì. Ìran Primulina nìkan ti lé ní igba ẹ̀yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ti irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni a ń rí tuntun. Àwa náà ní òkúta ẹfun ní Ewékorò, abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà ní tiwa, láti 1960 ni a sì ti ń wà á ṣe sìmẹ́ǹtì.

Títí di òpin 2011, òfin àwọn onímọ̀ ewéko ni pé èdè Látìn ni a gbọ́dọ̀ fi ṣàpèjúwe ẹ̀yà tuntun; láti 2012, Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1958 ni wọ́n sì ti fi dandan lé e pé kí a sọ àpẹẹrẹ gbígbẹ kan pàtó tí orúkọ náà so mọ́. A kò retí pé wọn yóò fi Yorùbá kún un láìpẹ́. Síbẹ̀, ìpàdé wọn ní Madrid ní 2024 dìbò pé kí a yí àwọn orúkọ tí ó ní 'caffra' nínú padà sí 'affra', nítorí pé èébú ni ọ̀rọ̀ náà fún ènìyàn dúdú. Èyí fi hàn pé orúkọ ewéko kì í ṣe ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn. Kò sì sí òfin tí ó sọ pé kí a má fi Yorùbá kọ àpèjúwe kún ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí yóò dí wa lọ́wọ́ ni pé a kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990, ti yanjú ti gírámà àti lítíréṣọ̀. Fún ewéko, a dábàá 'ìdílé', 'ìran' àti 'ẹ̀yà', láti orí èyí tí ó gbòòrò dé orí èyí tí ó kéré, kí a sì yé lo 'irú' fún ìkankan nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tí ó ń ṣètò ìdánwò ni àròkọ aṣàpèjúwe. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe igi kan, ohun tí a máa ń rí nínú ìwé wọn ni òwe, ìlò, àti ìyìn: igi náà tóbi, ó lẹ́wà, àwọn baba wa fẹ́ràn rẹ̀. A sì máa ń fún wọn ní máàkì. A rò pé kí a yí ìbéèrè náà padà, kí ó jẹ́ ohun méjì tí ó jọra. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún sọ́tọ̀ kúrò lára tẹ̀tẹ̀ jíjẹ láìlo ọ̀rọ̀ náà 'ẹ̀gún' ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí ni ó yàtọ̀ nínú igi rẹ̀, nínú ewé rẹ̀, níbi tí òdòdó rẹ̀ ti ń yọ? Ọmọ Ìjọra lè mú ẹ̀gbà etí ọ̀sà, kí ó ṣàlàyé bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń ti ara igi sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, bí a bá rí èyí tí ìyanrìn kò tíì bò mú un lọ wò. Máàkì márùn-ún fún ìyàtọ̀ tí ojú lè rí, méjì fún ìlò, ọ̀kan péré fún òwe.