Eérú Tí Kò Gbè Sẹ́yìn Àwọ̀ Kankan

Ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò dunjú kì í fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ojú iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ tò. Nínú Photoshop, yóò ṣí Preferences, yóò wọ Interface, yóò sì yan ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́rin tó wà níbẹ̀, láti orí èyí tó dúdú jù dé orí eérú tó mọ́lẹ̀. Ọdún 2012, pẹ̀lú Photoshop CS6, ni ojú iṣẹ́ dúdú yìí dé. Ní 2018, GIMP 2.10, ètò àtúnṣe fọ́tò mìíràn, náà gbé tirẹ̀ wọ̀.

Fáàrí kọ́ o. Ní 1839, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ máa ń yí bí ojú ṣe ń rí i padà. Bí gèlè kan ṣe ń mú ojú obìnrin tàn, tí òmíràn ń mú un ṣú, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ṣe ń ṣú láàárín funfun, tó sì ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín dúdú. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń yan eérú. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà sórí pépà funfun, wọ́n á tún sọ ẹ̀yìn fọ́tò di funfun, kí wọ́n lè wò ó bí yóò ṣe rí.

Oníbàárà kò ní rí gbogbo ètò yìí láé. Àmọ́ bí àwọ̀ ara ìyàwó bá jáde nínú fọ́tò bó ṣe rí gan-an, inú ètò yìí ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.