Ilé Inú Ibú: Àyẹ̀wò Fíìmù The Deep House

Bí a bá dárúkọ ibi ẹ̀rù fún Yorùbá, igbó ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Inú igbó ni ọdẹ ti ń pàdé iwin nínú ìtàn wa. Ìdí ìrókò ni a ti ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má ṣe dé lọ́sàn-án gangan. Ní ti àwọn òyìnbó, ilé ni wọ́n fi ẹ̀rù sí: ilé àtijọ́ tí àwọn onílé ti kú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dá ṣí, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún láìsí ẹni tí ń gùn ún. Wọ́n ti sọ irú ìtàn yìí títí ó fi gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùdarí fíìmù méjì ní ilẹ̀ Faransé, Alexandre Bustillo àti Julien Maury, gbé The Deep House jáde ní ọdún 2021, àrà tí wọ́n dá níbẹ̀ tó ohun tí à á yẹ̀ wò. Wọ́n mú ògbólógbòó ilé náà, wọ́n sì rì í sí ìsàlẹ̀ omi.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni fíìmù Faransé ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ tiwa. Ìdáhùn mi ni pé àìsàn tí ń ṣe é kò jìnnà sí èyí tí ń ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí òkú ti ń padà wá gbẹ̀san, ojú ènìyàn sì máa ń tètè rí àlébù lára ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn náà kí ó tó wò ó, kí ó pa ìwé dé níhìn-ín.

Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ben, àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Tina, ń wọ inú ahoro kiri, wọ́n ń ya fíìmù rẹ̀, wọ́n sì ń fi í han ayé lórí YouTube. Òkìkí ni Ben ń wá. Ìfẹ́ Ben ni Tina ń tẹ̀ lé. Wọ́n dé ilẹ̀ Faransé láti wo ibi tí adágún kan ti bo àwọn ilé mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá ṣe fàájì ti kún etí omi bí ẹni pé ọjà ni. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pierre sọ fún wọn pé òun mọ ilé kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, ní apá ibi tí ó pamọ́. Wọ́n wọ omi lọ bá a. Ilé náà wà ní odidi, bí ẹni pé ọjà ni onílé lọ láàárọ̀. Wọ́n rí àwòrán àwọn ọmọ tí ó sọnù. Wọ́n rí ilẹ̀kùn kan tí àgbélébùú ńlá dí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkú méjì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí a fi ìbòjú bò lójú. Nígbà tí wọ́n ní kí wọn padà, fèrèsé tí wọ́n gbà wọlé ti di ògiri.

Agbára fíìmù yìí wà nínú ohun kan ṣoṣo, èémí ni. Ẹ rántí ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi ẹni tí ó wọ ilé abàmì nínú eré: èé ṣe tí kò sá? Omi pa ìbéèrè náà. Kò sí ẹni tí ó lè sáré nínú ibú. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé sẹ́yìn kò ju ohun tí yóò tó wọn fún ìwọ̀nba àkókò lọ, bí ẹ̀rù bá sì ti ń bà wọ́n sí i ni wọ́n ń mí sí i, bí wọ́n bá sì ti ń mí sí i ni ikú ń sún mọ́ wọn. Nínú eré ilé abàmì orí ilẹ̀, ẹ̀rù kì í pa ènìyàn. Iwin ni í pa á. Níhìn-ín, ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú afẹ́fẹ́ wọn. Èmi kò tíì rí fíìmù mìíràn tí ó so ìbẹ̀rù pọ̀ mọ́ ìṣirò báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a rí Tina tí ó rì sínú ọpọ́n ìwẹ̀, tí ó ń dán an wò bí òun ṣe lè dá èémí dúró pẹ́ tó. Ẹni tí ó bá ń fọkàn bá eré lọ yóò fi í pamọ́ sí ọkàn, kò sì ní fi í pamọ́ lásán.

Ohun kejì tí ó gbé e ró ni pé omi náà kì í ṣe ayédèrú. Wọ́n kọ́ yàrá àti gbọ̀ngàn ilé náà, wọ́n sì rì wọ́n sínú ìkùdù ńlá kan ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí àwọn òṣèré, Camille Rowe àti James Jagger, ti ń lúwẹ̀ẹ́ gidi. Ó hàn. Erùpẹ̀ dìde bí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan, kò sì tètè padà sílẹ̀. Mo tún gbóríyìn fún Tom, ẹ̀rọ kékeré tí ń dá lúwẹ̀ẹ́, tí ó gbé iná àti kámẹ́rà dání. Òun ni í máa ń ṣíwájú wọn. Ojú tí kò mọ ẹ̀rù ni ojú rẹ̀, kò sì ní èémí tí yóò tán. Nígbà tí a bá fi ojú Tom wo yàrá, a mọ bí ìwàláàyè àwọn méjì yòókù ti ṣẹlẹgẹ́ tó.

Ìdájì fíìmù ni mo ti yìn yẹn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àwọn tí ó kọ ìtàn yìí kò gbà pé ọmọlúàbí ni àwọn òǹwòran. Ìbòjú tí Ben àti Tina wọ jẹ́ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú omi. Èyí kì í ṣe àṣìṣe, nítorí òun náà ni ó jẹ́ kí a máa gbọ́ èémí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti fojú rí, Ben yóò tún fi ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí ó yá, ilé náà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́: a fi fíìmù àtijọ́ hàn wá pé ìdílé Montégnac tí ó ni ilé ń jí ọmọ gbé, wọ́n ń pa wọ́n fún Èṣù àwọn Onígbàgbọ́ (kì í ṣe Èṣù tiwa), àti pé àwọn ará abúlé ni ó gbẹ̀san lára wọn. Ìdílé yìí náà ni Pierre ti wá. Robert Wise ṣe The Haunting ní ọdún 1963, kò fi iwin kan hàn wá. Ìró lára ògiri ni ó fi dẹ́rù bà wá. Iwin tí a ti mọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀daràn lásán.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Ilé kì í dédé wọ ìsàlẹ̀ adágún. Ìjọba ni í sé odò, tí í lé àwọn onílé. Ní ilẹ̀ Faransé náà, ní ọdún 1952, wọ́n sé odò fún iná mànàmáná ní Tignes. Ọlọ́pàá lé àwọn tí kò fẹ́ lọ, wọ́n hú òkú kúrò ní itẹ́, wọ́n sì fi àdó olóró wó abúlé náà kí omi tó bò ó. Àwa náà kò ṣàì mọ irú rẹ̀: ní ọdún 1968, nígbà tí omi Kainji bẹ̀rẹ̀ sí kún, Bussa àtijọ́ lórí odò Ọya wọ inú rẹ̀. Yorùbá tí a sin baba rẹ̀ sínú yàrá kò nílò ẹbọ Èṣù kankan kí ilé abẹ́ omi tó ba òun lẹ́rù. Yóò béèrè pé ojú oórì ta ni ó wà níbẹ̀, ta ni ó sì ń bọ ọ́. Àwọn olùdarí wọ̀nyí ní ìbéèrè náà lọ́wọ́, wọ́n sì jù ú nù. Wọ́n sọ àwọn òkú inú ilé di apànìyàn kí a má baà ṣàánú wọn, adágún sì di ohun tí a kàn fi bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ọwọ́ wọn padà bọ̀ sípò ní ìparí. Ben ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òkú. Tina nìkan ni ó kù. Afẹ́fẹ́ tán, kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dá èémí dúró bí ó ti ṣe nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó ń gòkè bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú omi sì ń mọ́ sí i lórí rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó yọrí síta tí ẹnu rẹ̀ fi là. Kò sí iwin kankan nínú àwòrán náà.