Orin Méje, Kò Sí Àfò

Àwo wo lẹ lè gbọ́ dópin láì fo orin kan? Tèmi ni Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bú u: nílé, orin Sunny lè gba ojú àwo kan tán, níbí, ó gé e sí méje nítorí òyìnbó. Àfìgbà tí awakọ̀ kan ki kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bọ rédíò n'Ìkìrun. A kọjá Ìníṣà, a dé Òkukù, èrò kankan ò ní kó yí i. Ó wá yé mi: ọ̀pọ̀ orin yẹn ló ti gbé jáde nílé kó tó tún wọn kọ. Àwọn oníjó ti bá a sẹ́ ẹ bí ògì, eérí ti kúrò.

Ewì tiwa ńkọ́? Ta ló ń bá wa sẹ́ ẹ?