Ike Tó Bá Gbòǹgbò Lára Mu

Bí ẹni tó mọ òdòdó ọ̀kíìdì í tọ́jú bá ti mú ike òfìfo kan tó fẹ́ gbìn ín sí, ìmọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e sókè sí. Lẹ́yìn náà yóò fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì yí i dà láti wo ìdí. Kì í pẹ́ tó fi ń mọ èyí tí yóò dá padà sórí àkìtàn. Ara mi máa ń yá gágá sí irú àyẹ̀wò yìí, torí pé gbòǹgbò, tí ọ̀pọ̀ wa kì í bìkítà fún, ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún.

Ọ̀kíìdì tó wọ́pọ̀ nínú ilé, Phalaenopsis, ọmọ igbó Éṣíà ni, orí igi ló sì ń gbé níbẹ̀. Ẹ má pè é ní àfòmọ́ o. Kì í fa oje igi tó gbé e mu. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn dì mọ́ èèpo igi ni, òjò á pa á, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ansellia africana ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí òdòdó rẹ̀ ní àmì tótòtó bíi ara ẹkùn. Ẹni tó bá ri irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀dú nínú ìkòkò tí kò níhò, ó ti pa á.

Gbòǹgbò náà ní awọ tó máa ń fa omi. Bí ó bá gbẹ, awọ yìí á funfun, á máa dán díẹ̀. Bí ó bá mumi yó, àwọ̀ ewé tó wà nínú á yọ síta. Bí ike bá mọ́ gaara, ẹ ó mọ ọjọ́ tí ẹ ó bomi rin ín láìfi ìka kan nǹkan kan. Gbòǹgbò náà tilẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ díẹ̀, bí ewé ti ń ṣe.

Irú ike pọ̀. Nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́. Nọ́ńbà 6 tó le, tó ń dán, máa ń sán bí wọ́n bá fẹ́ dá ihò lu ú. Nọ́ńbà 1, tí wọ́n fi ń ṣe ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì bí iná bá kàn án. Àlùmọ́gàjí ló yẹ ẹ́. Ìdí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò sábà máa ń ní ẹsẹ̀ márùn-ún, omi sì máa ń sá pamọ́ sínú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀: ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń lu.

Nọ́ńbà 5, ike tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún wa nílé oúnjẹ, ló wù mí jù. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, àmọ́ ìṣó gbígbóná máa ń wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kó sán. Etí ihò náà á yọ́, á ṣe roboto, kò ní gé gbòǹgbò tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín rẹ̀ kò dára. Kí ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú.

Ní ti títóbi, gbòǹgbò ni kí ẹ wọ̀n, ẹ fi ewé sílẹ̀. Ike tó fẹ̀ jù á pa omi mọ́ sí àárín, gbòǹgbò á sì rà. Èédú, èèpo igi àti háhá àgbọn ni kí ẹ kó sí i. Bí òdòdó bá ń mú un ṣubú, ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tó wúwo.

Ike tó ti gbé oògùn apakòkòrò tàbí ọ́ìlì mọ́tò rí, ẹ má lò ó rárá. Èyí tó kù nílé, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.