Fíìmù Tí Kò Ní Ihò Létí

Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà àtijọ́ wá bá mi pé kò yí fíìmù dáadáa mọ́, fíìmù tó jáde nínú rẹ̀ kẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. N óò nà án síwájú fèrèsé láti orí dé ìdí, n óò sì fojú wọn àlàfo tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ẹni tó ni kámẹ́rà lè máa rò títí, nẹ́gétíìfù ni ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́. Bí àlàfo bá ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí ìdí, mo mọ ibi tí n óò wò. Bó bá fẹ̀ níhìn-ín, tó fún lọ́hùn-ún, tí àwòrán kan wá gun èkejì lórí, ibòmíràn ni n óò yà sí. Bí àlàfo bá sì dọ́gba látòkè délẹ̀, tó jẹ́ pé àwòrán ìkẹyìn nìkan ló gé, ó ṣeé ṣe kí kámẹ́rà má ní àrùn kankan. Ẹni tó fi fíìmù sí i ló yí ọfà orí bébà ẹ̀yìn fíìmù kọjá àmì kó tó pa ìdérí dé.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ni pé fíìmù 120 kò ní ihò létí. Ti 35mm ní ihò, eyín jíà a sì máa há sínú rẹ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ yọ̀. Ṣùgbọ́n 120, tí Kodak gbé jáde ní 1901, fíìmù gbọrọ lásán ni, tí wọ́n fi téèpù lẹ orí rẹ̀ mọ́ bébà gígùn. Kámẹ́rà kò ríbi dì í mú. Ó ní láti wá ọgbọ́n mìíràn tí yóò fi mọ̀ pé àyè àwòrán kan ti kọjá. Láyé àkọ́kọ́, ojú ẹni tó ń ya fọ́tò ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé: fèrèsé pupa kékeré kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bébà á máa yọjú níbẹ̀, a ó sì máa yí i títí èyí tó kàn yóò fi dé. Fèrèsé yẹn kì í sábà bàjẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbà tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ojú, tí wọ́n gbé e fún jíà, ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Rolleiflex Automat tí Franke & Heidecke ṣe ní ìlú Braunschweig ní Jámánì, tó jáde ní 1937. Róólà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀, àárín wọn ni bébà ń gbà kọjá. Bébà nìkan ló ń ṣíwájú. Tó bá kan ibi tí téèpù ti so fíìmù mọ́ ọn, ó nípọn díẹ̀ níbẹ̀, róólà kan á sún ní ìwọ̀n tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, ìsún kékeré yẹn ló sì ń sọ fún kámẹ́rà pé fíìmù ti dé, kí òǹkà bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kò sí ọfà tí ẹnikẹ́ni ń wò, kò sí bátìrì. Orí mi ṣì ń wú títí dòní sí ẹni tó ronú kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé bébà gba orí róólà méjèèjì dípò àárín wọn, kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé fíìmù dé. Ẹ ó máa yí, kò ní dúró, odindi fíìmù á sì kọjá lọ láìya nǹkan kan.

Yashica Mat-124G, tí wọ́n ṣe ní Japáànù láti 1970 títí di 1986, ní ìṣòro tirẹ̀. Àwo dúdú kan wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀ tó ń tẹ fíìmù mọ́lẹ̀. Ó ṣeé sún: ipò kan fún 120 tó ń ya àwòrán 12, èkejì fún 220 tó ń ya 24, èyí tó jáde ní 1965, tí kò ní bébà lẹ́yìn fíìmù. Bí àwo náà bá wà ní 24 tí a fi 120 sí i, àyè á fún mọ́ fíìmù àti bébà, apá tí a fi ń yí i á le lọ́wọ́, òǹkà á sì ré 12 kọjá nígbà tí fíìmù ti tán. Ẹ sún àwo, ó parí.

Apá tó bá há gbagidi ni mo ń bẹ ènìyàn lé lórí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kámẹ́rà kàn ń dúró kí a tẹ̀ ẹ́ kó ya ni. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ti gan bí ọ̀dà. Mo máa ń tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n óò fi epo ìṣáná fọ jíà lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì fi gíríìsì tuntun tín-ín-rín sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín òróró sínú kámẹ́rà láti ìta. Òróró á ṣàn dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, àwọn abẹ pẹlẹbẹ ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, ìṣòro kan á di méjì.

Lẹ́yìn àtúnṣe ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù. Fíìmù tó ti bàjẹ́, tòun ti bébà rẹ̀, ni mo ń fi sí i láìpa ìdérí dé. N óò fi ìka tẹ ohun tó ń dá òǹkà padà mọ́lẹ̀, n óò sì máa fa ìlà sára bébà lókè àti nísàlẹ̀ àyè àwòrán bí mo ṣe ń yí i. Àwòrán 6×6 kì í pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, mílímítà 56 ni. Méjìlá rẹ̀ jẹ́ 672, fíìmù kò sì gùn ju nǹkan bíi 850 lọ. Nínú ìyókù ni gbogbo àlàfo, orí àti ìdí ti máa jáde. Bí fíìmù bá wé sára spool, ìyẹn ọ̀pá tó ń wé mọ́, láìfún dáadáa, yóò sanra, ìyípo kan á fa ju bó ṣe yẹ lọ nínú kámẹ́rà tó ń fi ìyípo spool kà á, ìmọ́lẹ̀ á sì tún wọ etí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi àtàńpàkò di spool ìsàlẹ̀ mú díẹ̀ nígbà tí mo bá ń fi fíìmù sí i. Pentacon Six àwọn ará Dresden, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kámẹ́rà tó ń gun àwòrán lórí ara wọn, kò fẹ́ kí fíìmù dẹ̀ rárá. Ẹ yí apá rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ darí rẹ̀ padà, ẹ má jẹ́ kó ta padà fúnra rẹ̀.

Wọn kò ṣe jíà wọ̀nyí mọ́. Ara kámẹ́rà tó ti kú la ti ń yọ ọ́ fún èyí tó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá ní èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nínú àpótí bàbá yín, ẹ má jù ú nù, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe ládùúgbò yín.